Wíwá ìdọ́gba pàrábólà láti inú àwọn ojúàmì

Wíwá ìdọ́gba pàrábólà láti inú àwọn ojúàmì jẹ́ iṣẹ́ kan nínú ìmọ̀ ìṣirò, níbi tí a ti mọ àwọn ibi mélòó kan tí ìlà títẹ̀ kan gbà kọjá, tí a sì ń wá ìdọ́gba tí ó ṣe àpèjúwe gbogbo ìlà náà. Bí pàrábólà bá dojú kọ òkè tàbí ìsàlẹ̀ tààrà, ojúàmì mẹ́ta ti tó láti fi mọ̀ ọ́n, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá sí lórí ìlà gbọọrọ kan náà, tí méjì nínú wọn kò sì wà lókè ara wọn gan-an. Pàrábólà kan ṣoṣo ni ó lè gba inú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ṣùgbọ́n ojúàmì mẹ́ta kò lè fi hàn pé pàrábólà ni ohun tí a wọ̀n ní tòótọ́. Ojúàmì kẹrin ni ó máa ń jẹ́rìí sí i tàbí kí ó tako ó.

Ẹ̀kọ́ nípa àwòrán irú ìlà yìí wà lára iṣẹ́ ìṣirò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga girama ń ṣe fún ìdánwò WAEC àti NECO. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a lè rí pàrábólà, tàbí ohun tí ó jọ ọ́ gidigidi, lára okùn afárá inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí omi Olúmirìn ti ń fò kúrò lára àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, àti nínú àwo ńlá tí a fi ń gba ìtàgé tẹlifíṣàn láti ojú sánmọ̀. Àwọn ìwọ̀n tí a lò nínú àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí a ṣètò fún ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ìwọ̀n tí a mú láti ara afárá tàbí omi náà gan-an.

## Ìtumọ̀ àti ìrísí

Pàrábólà ni àkójọ gbogbo ojúàmì tí jíjìnnà wọn sí ojúàmì kan pàtó dọ́gba pẹ̀lú jíjìnnà wọn sí ìlà gbọọrọ kan pàtó. Nínú àyọkà yìí, a ó máa pe ojúàmì pàtó náà ní ojú ìkójọ. Ibi tí ìlà títẹ̀ náà ti yí padà, ìyẹn ibi tí ó ti lọ sílẹ̀ jù tàbí tí ó ti ga jù, ni a ó máa pè ní ojú ìyípadà. Ìlà òòró tí ó gba ojú ìyípadà kọjá pín pàrábólà sí ọ̀nà méjì tí ó dọ́gba. Òun ni ìlà ìpín-dọ́gba.

Lórí ìwé gíráàfù, x ni ìwọ̀n ìbú, y sì ni ìwọ̀n òòró. Ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń gbà kọ ìdọ́gba pàrábólà:

1. y = ax² + bx + c. Èyí ni ìrísí gbogboogbò.
2. y = a(x − h)² + k. Nínú èyí, (h, k) ni ojú ìyípadà.
3. y = a(x − p)(x − q). Nínú èyí, p àti q ni ibi tí pàrábólà ti gé ìlà ìbú.

Nọ́mbà a kan náà ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá ju òdo lọ, pàrábólà ṣí sókè bí igbá tí a gbé kalẹ̀. Bí a bá kéré sí òdo, ó dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bí a bá sì jẹ́ òdo gan-an, kò sí pàrábólà mọ́; ìlà gbọọrọ ni ó kù. Bí a bá ṣe jìnnà sí òdo tó ni ẹnu igbá náà ṣe ń há tó.

## Ìdí tí ojúàmì mẹ́ta fi tó

Nínú ìdọ́gba y = ax² + bx + c, nọ́mbà mẹ́ta ni a kò mọ̀: a, b àti c. Ojúàmì kọ̀ọ̀kan tí a bá mọ̀ ń fún wa ní ìdọ́gba kan tí ó so àwọn mẹ́ta yìí pọ̀. Nítorí náà, ojúàmì mẹ́ta ń fún wa ní ìdọ́gba mẹ́ta, ó sì ṣeé ṣe láti yanjú wọn.

Ojúàmì méjì kò tó. Bí a bá sọ pé okùn kan so mọ́ orí òpó méjì ní (0, 5) àti (40, 5), gbogbo ìdọ́gba tí ó bá ní ìrísí y = 5 + ax(x − 40) ni ó gba àwọn ojúàmì méjèèjì kọjá, ohun yòówù kí a jẹ́. Okùn náà lè nà tantan, ó sì lè wálẹ̀ púpọ̀ láàárín òpó kan náà. Ojúàmì kẹta ni yóò sọ bí ó ṣe wálẹ̀ tó.

Ipò méjì ni ojúàmì mẹ́ta kò ti ní mú iṣẹ́ yọrí. Èkíní ni ìgbà tí wọ́n bá wà lórí ìlà gbọọrọ kan náà; ìṣirò yóò mú a = 0 jáde. Èkejì ni ìgbà tí méjì nínú wọn bá ní x kan náà ṣùgbọ́n tí y wọn yàtọ̀. Kò sí pàrábólà tí ó dojú kọ òkè tàbí ìsàlẹ̀ tí ó lè gba irú ibẹ̀ kọjá, nítorí pé x kan kò lè ní ju y kan lọ. Ní ipò kejì yìí, a lè wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ ni pàrábólà náà dojú kọ, kí a sì lo x = ay² + by + c.

Bí pàrábólà bá dẹ̀gbẹ́, tí a kò sì mọ ibi tí ó dojú kọ, ojúàmì mẹ́ta kò tó mọ́. Ojúàmì mẹ́rin ni a nílò, ó sì lè jẹ́ pé pàrábólà méjì ni yóò gba inú wọn kọjá.

## Ọ̀nà kìíní: ìdọ́gba mẹ́ta papọ̀

Ọ̀nà yìí wúlò níbi gbogbo tí a bá ti mọ ojúàmì mẹ́ta láìmọ ohun mìíràn.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí a fi okùn irin so rọ̀ lókè odò. Igbó yìí ni UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa irú afárá bẹ́ẹ̀, kí a sì wọn gíga okùn rẹ̀ sí ilẹ̀ afárá ní mítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ afárá, gíga okùn jẹ́ 5. Ní mítà 10, ó jẹ́ 2. Ní mítà 30, ó tún jẹ́ 2. Àwọn ojúàmì wa ni (0, 5), (10, 2) àti (30, 2).

A ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú y = ax² + bx + c:

Láti (0, 5): c = 5.
Láti (10, 2): 100a + 10b + 5 = 2, ìyẹn 100a + 10b = −3.
Láti (30, 2): 900a + 30b + 5 = 2, ìyẹn 900a + 30b = −3.

A ó sọ ìdọ́gba kejì di ìlọ́po mẹ́ta: 300a + 30b = −9. A ó yọ ọ́ kúrò nínú ìkẹta: 600a = 6. Nítorí náà, a = 0.01. Bí a bá dá a padà sínú ìdọ́gba kejì, 1 + 10b = −3, b sì jẹ́ −0.4. Ìdọ́gba tí a ń wá ni:

y = 0.01x² − 0.4x + 5

Ojú ìyípadà máa ń wà níbi tí x = −b ÷ 2a. Níbí, 0.4 ÷ 0.02 = 20. Ní x = 20, y = 4 − 8 + 5 = 1. Ìyẹn ni pé okùn náà lọ sílẹ̀ jù ní mítà 20, níbi tí ó ti fi mítà 1 ga ju ilẹ̀ afárá lọ. Kò sí ẹni tí ó wọn ibẹ̀; ìdọ́gba ni ó sọ ọ́.

## Ọ̀nà kejì: bí a bá mọ ojú ìyípadà

Bí ojú ìyípadà bá wà lára ohun tí a mọ̀, ojúàmì kan péré ni ó kù tí a nílò, nítorí pé h àti k ti di mímọ̀, a nìkan ni a sì ń wá.

Omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé, jẹ́ omi tí ń já láti orí òkè ní ìpele méje. Níbi tí omi bá ti ń yọ̀ lára àpáta, ìrísí àpáta ni omi ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti fò kúrò lára àpáta sínú afẹ́fẹ́, ipa méjì ni ó kù: eré tí ó bá dé etí àpáta, àti agbára ilẹ̀ tí ń fà á wálẹ̀. Ìpapọ̀ méjèèjì ni ó ń mú kí ipa ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ pàrábólà.

Ká ní omi fi etí àpáta sílẹ̀ ní ìbú tààrà. Etí àpáta yóò jẹ́ ojú ìyípadà, (0, 0). Ká tún ní omi náà bọ́ sílẹ̀ ní mítà 2 sí iwájú àti mítà 5 sí ìsàlẹ̀, ìyẹn (2, −5). Ìdọ́gba wa ni y = ax². Nítorí náà −5 = 4a, a = −1.25, ìdọ́gba sì ni:

y = −1.25x²

Nọ́mbà yìí tún ní ìtumọ̀ nínú ìmọ̀ físíìsì. Fún ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ láti ìbú tààrà pẹ̀lú eré v, a = −g ÷ 2v², níbi tí g ti jẹ́ nǹkan bíi 9.8. Láti ibẹ̀, v² = 9.8 ÷ 2.5 = 3.92. Eré omi náà ní etí àpáta jẹ́ nǹkan bíi mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. A ti fi ìdọ́gba mọ eré omi láìgun orí òkè.

Irú ìṣirò yìí náà ni a fi ń mọ ibi tí a ó gbé ẹ̀rọ agbàròyìn sí nínú àwo tẹlifíṣàn ńlá tí ẹ̀rọ rẹ̀ dúró sí àárín gan-an. Ká ní ìbú àwo kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, jíjìn rẹ̀ ní àárín sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27. Etí àwo wà ní (90, 27), ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni (0, 0). Láti 27 = 8100a, a = 1/300. Jíjìnnà ojú ìkójọ sí ìsàlẹ̀ àwo jẹ́ 1 ÷ 4a, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 75. Ibẹ̀ ni gbogbo ìtàgé tí ó bá wọ inú àwo náà ní tààrà yóò ti pàdé. Ọ̀pọ̀ àwo kékeré tí ó wà lára ògiri ilé lónìí jẹ́ apá kan tí a gé lára pàrábólà tí ó tóbi jù ú lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ wọn kò fi sí ní àárín.

## Ọ̀nà kẹta: bí a bá mọ ibi tí ó ti gé ìlà ìbú

Bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù láti ilẹ̀, tí bọ́ọ̀lù náà sì bọ́ sílẹ̀ ní mítà 40, a ti mọ p àti q: 0 àti 40. Bí ẹnì kan bá sì rí i pé bọ́ọ̀lù náà wà ní gíga mítà 6 nígbà tí ó lọ mítà 10, a lè kọ ọ́ báyìí:

6 = a × 10 × (10 − 40) = −300a

Nítorí náà a = −0.02, ìdọ́gba sì ni y = −0.02x(x − 40), tàbí y = −0.02x² + 0.8x. Ojú ìyípadà wà láàárín 0 àti 40, ní x = 20. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ga jù, ní mítà 8. Ìṣirò yìí kò ka ipa afẹ́fẹ́ sí.

## Ọ̀nà kẹrin: ìlànà Lagrange

Joseph-Louis Lagrange tẹ ìlànà kan jáde ní ọdún 1795 tí ó ń kọ ìdọ́gba náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìyanjú ìdọ́gba mẹ́ta papọ̀. Edward Waring ti tẹ irú rẹ̀ jáde ṣáájú ní ọdún 1779. Fún (x₁, y₁), (x₂, y₂) àti (x₃, y₃), ó jẹ́ àròpọ̀ ọ̀nà mẹ́ta:

y₁(x − x₂)(x − x₃) ÷ [(x₁ − x₂)(x₁ − x₃)]
y₂(x − x₁)(x − x₃) ÷ [(x₂ − x₁)(x₂ − x₃)]
y₃(x − x₁)(x − x₂) ÷ [(x₃ − x₁)(x₃ − x₂)]

Bí x bá jẹ́ x₁, ìlà kejì àti ìkẹta yóò di òdo, ìlà kìíní yóò sì fún wa ní y₁ gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún x₂ àti x₃. Ó tún hàn kedere níbí ìdí tí x méjì kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà: a kò lè fi òdo pín nǹkan.

## Ojúàmì kẹrin

Ojúàmì mẹ́ta yòówù tí a bá mú, bí wọn kò bá ti sí nínú ipò méjì tí a yọ sílẹ̀ lókè, yóò mú pàrábólà jáde. Ìbáà jẹ́ orí òrùlé, ẹ̀gbẹ́ òkè, tàbí ojú ọ̀nà tí ó wọ́ ni a ti mú wọn, ìṣirò kò ní kọ̀. Nítorí náà, pé a rí ìdọ́gba kò túmọ̀ sí pé ohun náà jẹ́ pàrábólà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró lórí ojúàmì mẹ́ta ti gba ohun tí ó yẹ kí ó dán wò gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Nínú àpẹẹrẹ afárá, ìdọ́gba sọ pé ní x = 40, y = 16 − 16 + 5 = 5. Bí a bá lọ wọn ibẹ̀ tí a sì bá 5, ìdọ́gba wa ti rí ẹlẹ́rìí. Bí a bá bá 6, ó ní láti jẹ́ pé ìwọ̀n kan kò tọ́, tàbí pé okùn náà kì í ṣe pàrábólà.

Bí a bá ní ojúàmì púpọ̀ tí àlàfo ìbú wọn dọ́gba, ọ̀nà àdánwò kan wà tí ó rọrùn. Gíga okùn wa ní mítà 0, 10, 20, 30 àti 40 jẹ́ 5, 2, 1, 2, 5. Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ −3, −1, 1, 3. Ìyàtọ̀ àwọn ìyàtọ̀ yìí jẹ́ 2, 2, 2. Fún pàrábólà, ìyàtọ̀ kejì kì í yí padà, ó sì jẹ́ 2a tí a fi ìlọ́po àlàfo pẹ̀lú ara rẹ̀ sọ di púpọ̀: 2 × 0.01 × 100 = 2.

Okùn tí a so rọ̀ gan-an ni ó fi hàn pé àdánwò yìí ṣe pàtàkì. Okùn afárá máa ń jẹ́ pàrábólà bí ìwúwo ilẹ̀ afárá bá pín dọ́gba ní ìbú, tí ó sì pọ̀ ju ìwúwo okùn fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Okùn tí kò gbé nǹkan kan rù kì í ṣe pàrábólà. Ìlà mìíràn ni, tí a ń pè ní kàténárì. Bí okùn méjèèjì bá so mọ́ orí òpó kan náà, tí wọ́n fi mítà 40 jìnnà síra, tí àwọn méjèèjì sì fi mítà 4 wálẹ̀ ní àárín, wọn yóò fẹnu kò ní ojúàmì mẹ́ta: orí òpó méjèèjì àti àárín. Ní mítà 10 sí òpó, sẹ̀ǹtímítà kan péré ni wọ́n fi yàtọ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ èwo ni èwo gbọdọ̀ wọn ojúàmì kẹrin, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì péye ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

## Àṣìṣe ìwọ̀n àti àlàfo àwọn ojúàmì

Ibi tí a yàn láti wọ̀n ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Bí àlàfo ojúàmì mẹ́ta bá dọ́gba, tí a pè é ní d, a jẹ́ (y₁ − 2y₂ + y₃) ÷ 2d². Ká ní a fi sẹ̀ǹtímítà 2 ṣì í ní ojúàmì àárín. Bí d bá jẹ́ mítà 10, àṣìṣe inú a yóò jẹ́ 0.0002, èyí tí ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.01. Bí d bá jẹ́ mítà 1, àṣìṣe kan náà yóò di 0.02, ìlọ́po méjì a fúnra rẹ̀. Igbá tí ó ṣí sókè lè di èyí tí ó dojú dé. Nítorí náà, ó dára kí àwọn ojúàmì jìnnà síra bí ó bá ti ṣeé ṣe tó.

Bí ojúàmì bá ju mẹ́ta lọ, tí àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ sì wà nínú gbogbo wọn, kò ní sí pàrábólà kan tí yóò gba gbogbo wọn kọjá. A máa ń wá èyí tí ó sún mọ́ wọn jù. Adrien-Marie Legendre tẹ ọ̀nà kan fún èyí jáde ní ọdún 1805: a ó fi àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó ro gbogbo wọn pọ̀, a ó sì yan pàrábólà tí àròpọ̀ yìí bá kéré jù fún.

## Ìtàn

Àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò pàrábólà gẹ́gẹ́ bí ìlà tí ó ń hàn bí a bá gé kóònù. Menaechmus lò ó ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, Apollonius ará Perga sì ni ó fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ní ọdún 1638, Galileo Galilei fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé ohun tí a jù sókè ń tẹ̀ lé pàrábólà bí a kò bá ka afẹ́fẹ́ sí. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n tí a so rọ̀ sún mọ́ pàrábólà gidigidi. Joachim Jungius fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀wọ̀n náà kì í ṣe pàrábólà, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1669, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1691, Christiaan Huygens, Gottfried Leibniz àti Johann Bernoulli sọ ohun tí ìlà ẹ̀wọ̀n náà jẹ́ gan-an.

## Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

- Gbígbàgbé pé nọ́mbà òdì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kì í jẹ́ òdì mọ́: (−3)² jẹ́ 9, kì í ṣe −9.
- Kíkọ y = a(x + h)² + k nígbà tí ojú ìyípadà jẹ́ (h, k). Bí ojú ìyípadà bá wà ní x = 20, (x − 20) ni a ó kọ.
- Kíkọ y = (x − p)(x − q) láìfi a sí i. Ibi tí pàrábólà ti gé ìlà ìbú nìkan kò tó láti mọ bí ó ṣe ga tó.
- Pípa oríṣi ìwọ̀n pọ̀, bíi kí ìbú wà ní mítà kí gíga sì wà ní sẹ̀ǹtímítà.
- Dídá ìdọ́gba wò pẹ̀lú ojúàmì kan náà tí a fi wá a. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè fi àṣìṣe inú ìṣirò hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá pàrábólà ni ohun tí a wọ̀n. Ojúàmì tí a kò tíì lò ni ó lè sọ ọ́.